Etíkun Itọ́ Tí Mo Rí Lẹ́yìn Ìrìn-Àjò Íńdíà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn akọrin jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi orin gbè. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo gbàdúrà ọ̀sán tán nínú yàrá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ, ojú mi sì rí ohun tí mo fẹ́ rò fún yín yìí. Láti ọjọ́ náà, omi tútù nìkan ni mo lè gbé mì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí inú ìjọ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín mọ̀ pé mo lọ sí Íńdíà. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà èwe ló pè mí pé àwọn kan ń kó èrò lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, Dẹ́lì, Ágírà àti Jaipọ́ọ̀, wọn yóò sì parí rẹ̀ sí etíkun Góà fún ìsinmi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Mo ní ó yá. Àmọ́ nígbà tí mo lọ sọ fún Pásítọ̀ pé n kò ní sí nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo dárúkọ Íńdíà, ojú wọn yí padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ló fẹ́ lọ kí. Ẹni tó bá ní Íńdíà, àìsàn ló ń gbé e lọ. Pásítọ̀ di ọwọ́ mi mú, wọ́n béèrè pé kí ló ń ṣe mí. Ojú tì mí láti sọ pé fàájì ni, èmi Alàgbà tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí lórí fàájì. Mo kàn fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ mi. Pásítọ̀ fúnra wọn ló dárúkọ kíndìnrín. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ fún mi. Ìyá Bọ́lá tó ń gbá ilé ìjọsìn yìí ní gbogbo Sátidé, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta yẹn, ló kó àwọn obìnrin jọ, wọn kì í fi nǹkan kan ẹnu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èmi ńkọ́? Mo wà lórí ìjókòó gígùn létí òkun Góà, mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo ń mu omi àgbọn, mo ń fi ìka ẹsẹ̀ wa iyanrìn bí ọmọdé.

Nígbà tí mo dé, ẹ pè mí síwájú pé kí n wá jẹ́rìí. Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni. Mo ní, "Àwọn dókítà yẹ̀ mí wò títí, wọn kò rí nǹkan kan." Ìjọ hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́ gbé mi sókè. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ju ọwọ́ sí yín láti òkè. Kò sí ìgbà tí mo rántí ọwọ́ yẹn tí ara mi kì í bù máṣọ.

Ìyá Bọ́lá ti sọ fún ìjọ fúnra wọn pé kókó kan wà ní ọmú àwọn, pé ọsibítù ti fún àwọn lọ́jọ́ tí wọ́n máa gé e. Lẹ́yìn ẹ̀rí mi, wọ́n ní àwọn kò lọ mọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run tó fọ kíndìnrín Alàgbà mọ́ yóò fọ tàwọn náà. Ní ọjọ́rú, Bọ́lá ọmọ wọn wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi sọ fún màmá mi kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọjá oṣù yìí."

Mo ní kó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lo ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. N kò fẹ́ kí àṣírí mi tú, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ọjọ́ kejì ni oorun yẹn gbé mi. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ó gbé ọ̀pá kan lọ́wọ́ tí wọ́n so àsíá kékeré mọ́ lórí, bí ẹni tó mú wa kiri Dẹ́lì ṣe máa ń gbé tirẹ̀ kí èrò má baà sọnù. Kò kí mi. Ó ní, "Ìrìn-àjò tí o fẹ́ràn la fẹ́ tún rìn. Tẹ̀ lé mi, má sì fi ọwọ́ bo imú." N kò mọ ìdí tó fi dárúkọ imú títí a fi dé ẹnubodè àkọ́kọ́.

Odi pupa ni, ó ga bí odi àwọn ọba àtijọ́ tí mo rí ní Dẹ́lì. Ṣùgbọ́n ti Dẹ́lì mọ́, ẹyẹ ń fò lórí rẹ̀. Èyí ń làágùn, òógùn náà ń rùn, ó sì ń yọ̀ bí ikun imú. Nínú àgbàlá, tọkùnrin tobìnrin jókòó ti tábìlì gígùn, oúnjẹ wà níwájú wọn. Mo ní èyí kò burú. Ìgbà tí mo súnmọ́ wọn ni mo rí i pé ẹni tó wà lápá ọ̀tún a rún ẹran lẹ́nu, a tu ú sí àwo ẹni tó wà lápá òsì, ìyẹn a kó o sẹ́nu, a tún rún un, a tún tu ú fún ẹnìkejì. Ọkùnrin kan tó jọ ẹni ńlá gbójú sókè kí mi, iṣan ẹran kan ń fì létè rẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀.

Amọ̀nà mi ní, "Àwọn tó fi oúnjẹ ilé wọn sílẹ̀ lọ tọ́ aya àti ọkọ ẹlòmíràn wò nìyí. A fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́." Mo bì sí ẹ̀gbẹ́ odi. Odi náà lá a.

A kúrò níbẹ̀, a dé ibi kejì. Ẹni tó bá ti dé Ágírà mọ ilé òkúta funfun tí ọba kan kọ́ sórí ibojì aya rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo rántí ìyàwó mi, omi bọ́ lójú mi, arábìnrin ará Íńdíà kan tí n kò mọ̀ rí sì fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Ohun tó mọ́ jù tí mo rí nínú gbogbo ìrìn-àjò náà nìyẹn. Ilé tí amọ̀nà mú mi dé yìí jọ ọ́ láti òkèèrè, ó ń dán. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ náà rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rá bò ó. Mo wo ìsàlẹ̀. Ojú ènìyàn ni, ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, wọ́n tò wọ́n bíi táìlì ilẹ̀, ẹyinjú wọn là sílẹ̀, irun ìpéǹpéjú wọn ń rìn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀, mo fẹ́ fò, kò sí ibi tí mo lè fò sí tí kì í ṣe ojú ẹnìkan, mo tẹ imú, mo tẹ ẹnu, ẹnu náà rin, ahọ́n ń mì nínú rẹ̀ lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ mi.

Amọ̀nà ní àwọn tó tẹ aláìlágbára mọ́lẹ̀ nìwọ̀nyí, ọ̀gá tó ń fi irin gbígbóná jó ọmọ ọ̀dọ̀, ẹbí tó lé opó jáde kí wọ́n tó sin ọkọ rẹ̀ tán. Àwọn opó wọnnì ń kọjá lórí wọn pẹ̀lú abọ́ omi, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, omi ìfọsẹ̀ náà dúdú, ó ń ṣàn sínú àwọn ẹnu tó wà nílẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì.

Ìlú kẹta ní ààfin olójú fèrèsé púpọ̀ bíi ti Jaipọ́ọ̀. Orí kan yọ lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ọyún ń kán láti etí wọn. Àwọn tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láti lọ rò ó kiri ni. A kò pẹ́ níbẹ̀. Amọ̀nà yíjú sí mi, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣaájò àlejò.

"Ó ti rẹ̀ ọ́. Ìsinmi etíkun ló kù."

Ẹni tó bá gbé ọmọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde díẹ̀. Mo gbọ́ ìró òkun náà kí n tó rí i. Kò ró bí omi. Ó ń ró bí ìgbà tí ènìyàn ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jọ sí ọ̀fun. Àwọn ìjókòó gígùn wà ní títò létí rẹ̀, agboòrùn wà lórí wọn gẹ́gẹ́ bíi ti Góà, ènìyàn dùbúlẹ̀ sórí wọn, ẹ̀rí ni wọ́n sì ń jẹ́. Ọ̀kan ní òun fọ́jú, òun sì ríran. Ọ̀kan ní òun kú, òun jí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, itọ́ tó ki, tó ń hó, ó ń ṣàn gba àyà wọn, ó ń gba ẹsẹ̀ wọn lọ bá òkun, ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí òkun náà jẹ́, itọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó lọ títí ojú kò tó o, ó ń rùn bí ẹnu ẹni tó ti sùn fún ọdún kan, ìgbì rẹ̀ sì ń padà bọ̀, ó ń wọ ẹnu tó tu ú jáde, wọ́n ń gbé e mì, wọ́n tún ń jẹ́rìí.

Ìjókòó kan ṣófo. Wọ́n ká táwẹ́lì sórí rẹ̀ dáadáa bí àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń ká a, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Táwẹ́lì náà ti rin gbingbin. N kò fẹ́ dùbúlẹ̀, ara mi dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo lanu láti bẹ̀bẹ̀, ohun tó jáde ni pé àwọn dókítà yẹ̀ mí wò títí, wọn kò rí nǹkan kan. Mo lanu láti pe orúkọ Jésù, ohun kan náà ló jáde, itọ́ tẹ̀ lé e, ìgbì ń bọ̀, mo pa ẹnu dé, ó gba imú wọlé.

Ibẹ̀ ni mo ti gbójú sókè, mo rí òdìkejì. Etíkun mìíràn ni, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀. Bàbá tó ń lu agogo ìjọ yìí kí wọ́n tó jáde láyé lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ tó máa ń wú yẹn sórí iyanrìn, ó ti fọn, ó sì jọ̀lọ̀. Wọ́n ń sùn bí ọmọ tó yó. Àwọn mìíràn jókòó tì wọ́n, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnu wọn mọ́, ó gbẹ. Ẹ kò lè mọ bí ẹnu tó gbẹ ṣe wù mí tó.

Àwọn méjì ń gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọ́n ń tẹ́ ẹní tuntun. Amọ̀nà ní Ìyá Bọ́lá ni wọ́n ń retí. Mo fẹ́ yọ̀, àmọ́ mo rí i pé ojú rẹ̀ le.

"Àyè rẹ̀ kò lè sọnù," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọdún tó yẹ kó lò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹnu rẹ ló ń lé e bọ̀ níbí. Bí ó bá dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, o kò ní kúrò lórí ìjókòó yìí mọ́."

Ó fi ọ̀pá gún mi láyà, mo jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé. Iwájú aṣọ mi rin. Mo fi iyọ̀ yọ ẹnu, mo fi ọṣẹ fọ ahọ́n, ìtọ́wò itọ́ náà kò lọ.

Mo gba ilé Ìyá Bọ́lá lọ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé mo lè sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ kí ẹ̀yin má gbọ́. Ẹ ò rí i pé ìwà náà kò tíì kúrò lára mi. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èṣù ló fẹ́ gba ẹnu àgbà jí iṣẹ́ ìyanu àwọn.

"Alàgbà, èmi ni mo gba ààwẹ̀ yẹn," wọ́n ní. "Mo mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe."

Wọ́n tún gbàdúrà fún mi. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, mo sì ń rí i pé apá òsì kò gòkè tó ọ̀tún, ìrora ń fà á sẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín. Ẹ gba àwọn fọ́tò yìí, kí wọ́n máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èmi nìyí lórí ràkúnmí ní Jaipọ́ọ̀, mo ń ya ẹnu. Èmi nìyí ní Góà, ẹ wo ikùn mi níta bí ti aláìnítìjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya èyí, Ìyá Bọ́lá kò tíì jẹun láti àárọ̀. N kò rí dókítà kankan ní Íńdíà. Kíndìnrín mi kò dùn mí rí. Pásítọ̀, tí ẹ bá gba ipò alàgbà lọ́wọ́ mi lónìí, n kò ní bínú. Ẹni tó bá sì tún ní ẹ̀rí láti jẹ́ láàárọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ló máa gbẹ́kẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, kó jókòó. Mo ti rí ibi tó ń lọ, ó ń rùn.

Ìyá Bọ́lá, fọ́tò ti dọ́wọ́ yín. Ẹ má tíì fún ẹnìkejì, ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́run gbọ́ ààwẹ̀ yín, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn tí yóò wò lára mi. Ẹ bínú sí mi, ẹ má kí mi mọ́ láyé, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni kí ẹ ti bínú. Bọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ wà níta, àwọn ọsibítù ní àwọn á gbà yín wọlé lónìí kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́la. Àgbà ni mí, orúnkún ń dùn mí, mi ò sì ní jókòó títí ẹ ó fi dìde.