Ràmọ́tà Kọ́ Ló Kó Wọn Jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Láti ìgbà Sáàpù, nígbà tí nǹkan kọ́kọ́ le ní ìlú yìí, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé Ràmọ́tà ń ṣàìsàn, ó sì bẹ̀ mí ní ohun kan.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kúbùsù ni àwa méjèèjì wà ní Sáńgo. Ọmọ Ọ̀tà ni Ràmọ́tà. Èmi wá láti Ìsẹ́yìn. Òun ló bá mi wá yàrá ní Joju, òun ló sì gbẹ̀bí àkọ́bí mi lọ́jọ́ tí a ò rí mọ́tò. Gbogbo obìnrin ibi iṣẹ́ wa ló máa ń gbọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, súpáfáísọ̀ wa fi fíìmù kan hàn wá ní kántíìnì. Àwọn eku kékeré ni, ti ilẹ̀ oníyìnyín. Wọ́n rí rọ́bọ́tọ́, ìrù wọn kúrú, irun wọn pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn wọn dúdú. Wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń já bọ́ láti orí òkúta sínú òkun. Súpáfáísọ̀ ní ṣe ni wọ́n máa ń pa ara wọn bẹ́ẹ̀, pé tí ọ̀kan bá ti lọ, gbogbo wọn á lọ. A rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ló pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọjà ò tà mọ́, wọ́n fẹ́ dín wa kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ilé iṣẹ́ ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ó ní, "Ràmọ́tà ni kó o lọ bá. Tó bá ti dìde, wọ́n á tẹ̀ lé e. Ìwọ ò ní kúrò níbi iṣẹ́ ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ò níṣẹ́ nígbà náà, àwọn ọmọ ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Mo lọ bá Ràmọ́tà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Sìkírù, wọ́n fẹ́ lé gbogbo wa lọ́la. Àfi ká jọ lọ dúró sí géètì báyìí, kí wọ́n lè gbọ́ wa."

Ó wò mí. "Ó dá ẹ lójú, Ìyá Tọ́pẹ́?"

Mo ní ó dá mi lójú. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ké sí wọn, wọ́n dìde. Èmi sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n ti géètì mọ́ wọn síta.

Ilé iṣẹ́ ò gba ẹnikẹ́ni padà, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún wọn. Ràmọ́tà ò dárúkọ mi fún ẹnì kan. Ó ní ó yẹ kí òun ti kọ́kọ́ wádìí. Nígbà tí àwọn obìnrin náà sì ń gbé e ṣépè, èmi náà, ẹnu mi yìí, ni mo fi sọ pé, "Ẹ ò rí i bí ti eku inú fíìmù?" Ni wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Eku. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà sọ fún mi pé irọ́ ni fíìmù yẹn. Ó ní àwọn eku náà kì í pa ara wọn, pé àwọn tó ya fíìmù ló kó wọn wá síbẹ̀, tí wọ́n tì wọ́n sómi. Mo bú sẹ́kún. Ọmọ náà rò pé eku ni mo ń sunkún fún.

Ràmọ́tà ti ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tí wọ́n tì síta nígbà náà, àwọn tó ṣì wà láyé, pé kí wọ́n wá sílé òun lọ́jọ́ Àìkú, kí òun tọrọ àforíjìn kí òun tó kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́. Ó ní èmi ni kí n di òun mú nígbà tí òun bá fẹ́ kúnlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n jẹ́ kó kúnlẹ̀?