Fláàṣì Kan Láti Òdìkejì Omi

Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àmọ́ ojú ọ̀run ti dúdú láti ọ̀nà òkun, atẹ́gùn sì ń gbọn páànù òrùlé wa ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àárọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, bó ṣe rí ni màá ṣe sọ ọ́.

Ẹ mọ Kúnlé ọmọ mi. Wẹ́dà ni, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island. Àràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ kọjá omi. Omi yẹn náà ni bàbá ẹ̀ gbà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ ṣú báyìí. Ọkọ̀ wọn dojú dé. Òkú ẹ̀ ni wọ́n gbé wá bá mi.

Látìgbà yẹn, tí òjò bá ti ṣú, àyà mi á máa lù bí ẹ̀rọ ata. Ọwọ́ mi á tutù, itọ́ ò ní ṣe é gbé mì. Mo lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ mí wò, ó ní ọkàn mi ò ní àrùn, ìbẹ̀rù ló ń ṣe mí, kí n máa wá bá òun sọ̀rọ̀. Inú bí mi. Oògùn ni mo wá gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mi ò padà lọ.

Kúnlé ni mo wá ń pè, títí fóònù á fi gbóná létí mi. Ẹni tó ń jó irin ò lè gbé fóònù. Ọmọ náà bá mi ṣe àdéhùn, ó ní tí òun bá ti sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, òun á fláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan, kí n má gbé e, kí n má sì pè padà. Fláàṣì yẹn ti sọ pé òun ti dé. Ẹ̀yin ará, kò sí ọjọ́ tí fláàṣì dé tí mi ò pè padà. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ tán, mo tún fẹ́ gbọ́ ọ sí i.

Ó wá di ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé e dé jẹ́tì, mo di apá ẹ̀ mú, mo ń bẹ ọlọ́kọ̀ kó má gbé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Welder, your mama don come carry you go school o." Ọkọ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀. Kúnlé sìn mí délé, ó kó aṣọ ẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ bá ọ̀rẹ́ òun gbé ní Boundary.

"Màámi, mo fẹ́ràn yín," ló wí. "Àmọ́ ẹ̀rù yín yìí á rì mí kí omi tó rì mí."

Bí fláàṣì ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn.

Mo gbààwẹ̀. Mo fi òróró pa àyà. Ìbẹ̀rù náà ò lọ. Mi ò dáná mọ́, ta ni màá dáná fún? Mo kọjú sí ògiri, mo ní kí Ọlọ́run wá mú mi lọ. Mò ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú yín, ẹ ò mọ̀.

Ìyá Rónkẹ́ tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin wa ló wá bá mi láàárọ̀ tí mò ń sọ yìí, fóònù lọ́wọ́ mi, mò ń wo ojú ọ̀run. Mo rò pé á máa pariwo àdúrà lé mi lórí ni. Ó jókòó tì mí, ó béèrè ibi tó ti ń dùn mí. Ó ní kí n mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí n pe Bàbá lọ́kàn; kí n mí síta, kí n ní, "Dì mí mú." A ṣe é títí. Ó wá da ẹ̀wà sórí àtẹ, ó ní ká jọ ṣa á. Ẹ̀wà ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Òjò dé, ó ń lu páànù kíkankíkan.

Mo ní mo fẹ́ pe Kúnlé. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ bá a sọ gan-an. Mo ronú, mo ní mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo wà níbí.

"Ẹ kúkú fláàṣì ẹ̀, kẹ́ ẹ gé e."

Mo fláàṣì, mo gé e. Kò sí nǹkan. A ń ṣa ẹ̀wà lọ. Kò sí nǹkan. Òkú ni mo ti ń rí lójú mi. Ni fóònù bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kúnlé ni. Ọwọ́ mi ti dé orí ẹ̀. Ìyá Rónkẹ́ ń wò mí. Mo gbé ọwọ́ mi padà sínú ẹ̀wà.

Ọwọ́ tí mo gbé padà yẹn, òun ni ẹ̀rí mi.

Nírọ̀lẹ́, ó pè. "Màámi, ẹ ò pè mí padà?"

"Mi ò pè."

"Ṣé ara yín ti yá ni?"

"Ara mi ò tíì yá. Mo ṣáà gbọ́ fláàṣì ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mi ò lè dúró níwájú pẹpẹ kí n purọ́ pé ìbẹ̀rù ti lọ. Ó mú mi ní Malu Road láìpẹ́ yìí, orí táyà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́kánáísà ni mo jókòó sí títí ó fi rọlẹ̀. Kúnlé ò tíì kó padà wálé. Àmọ́ Ọlọ́run dì mí mú, mi ò rì. Ẹni tó bá ń ṣe nínú yín, kó má fi pamọ́ bíi tèmi. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ yìí, ẹ bá mi yọ̀ sí i, kí ògo jẹ́ ti Olúwa.

Lọ́jọ́ kejì tí mo jẹ́rìí yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò tún ṣú. Mi ò gba ọ̀nà jẹ́tì. Mo padà lọ bá dókítà yẹn, mo jókòó níwájú ẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ bàbá Kúnlé fún un, látorí tíì tó mu láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó jáde. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan nínú báàgì mi. Mò ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.