Ọmọ Tí Mo Fi Ṣọ́ Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹbí ọkọ mi fẹ́ jókòó láti lé ìyàwó kékeré ilé wa lọ, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀.

Bẹyẹrúnká n'Ìbàdàn ni ilé wa. Èmi ni ìyálé, ìborùn ni mo ń tà ní Ọjà'ba. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni àwa méjèèjì ń gba Àlájì ọkọ wa sí yàrá. Àmọ́ mo fura pé tó bá jẹ́ ọjọ́ tèmi, tí mo bá ti sùn, Àlájì máa ń dìde lọ bá ìyàwó. Mi ò rí i o. Tí mo bá ti sùn, àrá ò lè jí mi.

Ṣùkúrà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá èmi àti ìyàwó ló máa ń tẹ́ ẹní sí. Mo pè é, mo ní kó máa bá mi lajú sílẹ̀, kó sọ fún mi tí bàbá rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn jáde. Mo rò pé fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, owú ni.

Láràárọ̀ ló ń sọ fún mi pé, "Mọ́mì, Dádì ò jáde." Ọkàn mi á balẹ̀, màá gba ọjà lọ. Òun náà á gba ilé ìwé lọ, á lọ máa sùn ní kíláàsì. Ó ń rù, ó ń gbàgbé nǹkan. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tí kì í sùn lóru, ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá ṣeré. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àáfà kan ní Àrẹ̀mọ, ó mu hàntú tí wọ́n fọ̀ lára wàláà títí. Àáfà ní ọwọ́ obìnrin inú ilé ló wà níbẹ̀.

Ni gbogbo ojú bá yí sí ìyàwó. Ìyàwó tó jẹ́ pé òun ló ń po tíì fún Ṣùkúrà tó bá ti ilé ìwé dé! Ó sunkún, ó búra. Mo wà níbẹ̀, mo panu mọ́. Ọmọ náà ń wò mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo jẹ́ kó wọ́.

Ohun tó rú mi lójú ni pé mo ti ní kó dáwọ́ dúró, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mà." Àmọ́ lánàá, nígbà tí mo dìde fún àsùbáà, mo bá a tó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

Mo ní, "Ṣùkúrà, ṣé mi ò ní kí o máa sùn ni?"

Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá sùn, ẹ̀yin ò ní lè sùn mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò tiẹ̀ wá mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, àbí irọ́ ló fi ń tù mí nínú.

Tí mo bá jẹ́wọ́ fún Àlájì, bóyá èmi ni wọ́n máa lé. Tí mo bá dákẹ́, ìyàwó á ru ẹrù tí kò dì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ọmọ yìí sùn? Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn mí o. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín: lálẹ́ àná náà, mo tún sùn.