Ohun Tó Bá Wà Nínú Ọṣẹ, Tèmi Ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀ o! Ta ló ń fara balẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́? Nítorí pé mo fọ ìgò! Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ ìgò fífọ̀! Ká gba apẹja síṣẹ́, kó pẹja dé, ká wá ní ó ṣẹ̀ wá? Ẹ̀yin lẹ mú mi débẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣe onídùúró mi, ẹ jẹ́ kó yé yín.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé yàrá ìwádìí wọn, Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló mú mi dé ìdí síńkì. Ó ní, “Màmá Onígò, ohun tó bá wà nínú ọṣẹ, tiyín ni. Èyí tí kò bá sí nínú ọṣẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ṣé mo fọwọ́ kan èyí tí kò sí nínú ọṣẹ rí? Láéláé!

Láàárọ̀ òní, mo bá ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí síńkì, omi ọṣẹ nínú ẹ̀, ó ń hó, àbàwọ́n elésè àlùkò sì wà nínú ọṣẹ ọ̀hún bí ìgbà tí ọmọdé da yíǹkì sí i. Kí lẹ̀yin ìbá ṣe? Ẹ dáhùn! Ẹn-ẹ́n! Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo inú ẹ̀, mo fomi gbígbóná ṣàn án, ó mọ́ gaara, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá tẹ̀rín-tẹ̀rín: “Ọ̀gá, ẹ wò ó, àbàwọ́n yẹn ti lọ!”

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀. Sórí sìmẹ́ńtì o! Ó ń sunkún bí ẹni tílé ẹ̀ jó.

Wọ́n ní kì í ṣe àbàwọ́n. Wọ́n ní purotéènì ni, ohun bíńtín tó ń gbé inú awọ kòkòrò tí ojú ò lè rí. Ọ̀rá ló wà nínú awọ yẹn, nǹkan ọ̀hún ò lè gbé inú omi lásán, àfi kí ọṣẹ gbá a mọ́ra. Ó dáa. Kí ni wọ́n wá fi ṣe? Wọ́n gé e sí méjì! Kò ṣàìsàn, kò jalè, wọ́n gé e sí méjì! Wọ́n da ègé méjèèjì sínú ọṣẹ kan náà, wọ́n ń ṣọ́ wọn bóyá ọ̀kan á rántí ìkejì, kí wọ́n ká mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ní tó bá ti di elésè àlùkò, ó ti rántí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá la àga sí méjì, tó kó o sínú báàfù ọṣẹ, tó wá jókòó tì í pé kó di àga padà, ṣé ẹ ò ní ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí ẹ̀?

Ọmọbìnrin tó ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ ló gbé ìgò ọ̀hún sídìí síńkì tó fi lọ gba fóònù. Ó dúró lójú mi, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀! Èmi ni wọ́n ní kí n má wá lọ́la, iṣẹ́ tí mo gbójú lé!

Ẹ wọ bàtà, ká lọ bá Ọ̀gá kó tó ti ọ́fíìsì. Ẹ sọ fún un pé mo ń padà sídìí síńkì mi, ṣùgbọ́n n kò ní fọ ohunkóhun mọ́ láìbi í léèrè. Ife tíì ẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Màá gbé e sókè, màá ní, “Ìwọ ife yìí, ṣé ìdọ̀tí ni ẹ́ àbí iṣẹ́ ìwádìí?” Tí kò bá fèsì, kí Ọ̀gá máa mu tíì nínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá hù sí i!

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Mo ní ẹ wọ bàtà!