Ẹja Tútù Tí Mo Dì Láti Under G

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fa ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ náà wá bá mi, n kò sì lè dákẹ́ mọ́. Ẹ má bínú pé n kò dárúkọ ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Télọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ìyá Mujídà, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, la jọ lọ kí Mujídà ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ọmọ náà dùn. Ó ní òun yóò fún wa ní oúnjẹ tí a kò jẹ rí. Ó mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń ta súṣì, oúnjẹ àwọn ará Japan. Tábìlì ibẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ó fi ewé òkun dúdú ká ìrẹsì, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ ẹja tí kò kan iná rárá lé òmíràn lórí.

Ìyá Mujídà wò ó títí. "Ọmọ mi, gáàsì yín ló tán ni?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ tọ́ ọ wò ná. Kò ní bù yín jẹ."

"Tó bá bù mí jẹ, ìwọ ni màá bù jẹ padà!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé oúnjẹ náà burú. Ó dùn. Ibẹ̀ mọ́. Mujídà jẹ jù wá lọ, inú kò sì run ún.

Nígbà tó yá, Mujídà lọ sí kíláàsì, ìyá rẹ̀ sì lọ ṣe àlùwàlá. Mo ní kí ọmọkùnrin náà bá mi di èyí tó kù. Nílé wa, èèyàn kì í ti ìrìn àjò dé lọ́wọ́ òfo. Ọkọ mi ni mo ń rò.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ń lọ jìnnà, mi ò kí ń dì í fún un. Tí ooru bá ti mú ẹja yìí, ó ti di májèlé nìyẹn."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé ó kàn ń ṣe fáàrí ni. Bó ṣe yíjú sí oníbàárà mìíràn, mo kó o sínú ọ̀rá, mo tì í sínú báàgì mi.

Táyà ọkọ̀ wa bẹ́ lójú ọ̀nà. A dúró nínú oòrùn títí ó fi rẹ̀ wá. Nígbà tí a délé, ọkọ mi tẹ̀ mí láago pé òun kò ní lè wálé lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n dà á nù. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó kan díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi nǹkan kíkan sí ìrẹsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé òun náà ni. Bí mo ṣe tan ara mi jẹ nìyẹn.

Mo gbé e síwájú Ìyá Mujídà. Kò mọ̀ pé wọ́n kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, o mà ṣeun o. O fi pamọ́ dè mí!" Ẹyọ kan ni mo jẹ. Òun ló jẹ ìyókù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá àwa méjèèjì dùbúlẹ̀. Àwọn ará ilé gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi yè é. Òun kò yè é.

Dókítà bi mí ohun tí a jẹ. Mo ní súṣì ni, ní Under G. N kò sọ̀rọ̀ kan ọ̀rá inú báàgì. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò purọ́, pé ìdajì òótọ́ ni mo kàn gbé mì. Àwọn ọmọ ilé wa lọ fọ́ fíríísà ọmọkùnrin náà, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Mujídà ń sunkún pé òun lòun mú ìyá òun lọ síbi ikú. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá lo ìsinmi báyìí, Màmá ló sì ń pè mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àgékù aṣọ.

"Màmá, mo ti rò ó, rò ó. Bóyá ọ̀bẹ mi ni mi ò fọ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Mujídà. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú bó ṣe ń jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má ṣépè fún mi. Bí mo bá sọ ọ́, ọkọ mi lè lé mi, Mujídà sì lè má fẹ́ rí mi sójú mọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ yóò máa fi ẹ̀ṣẹ̀ mi sùn, yóò máa fi jí. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nínú wọn? Àti ìdáríjì tí mo fún un yẹn, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń gba irú rẹ̀ padà?