Àtàǹpàkò Ọgọ́ta Ìyá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú ilé ìjọsìn yìí. Ìyá Àdúrà wà níbẹ̀, bàbá tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn wà níbẹ̀. Mo wà nínú ààwẹ̀ ọjọ́ kejì. A gbàdúrà tán, mo fi orí lélẹ̀ lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Èmi ni mo ń tọ́jú owó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ibà àwọn ọmọdé. Láti òkè òkun ni owó náà ti ń wá. Ìyá tó bá gbé ọmọ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a ó fún un ní owó ọkọ̀, yóò sì tẹ àtàǹpàkò sínú ìwé. Ní ìgbà kẹta tí a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, owó ọkọ̀ kò dé abúlé àwọn ìyá náà. Àwọn ìyá kò wá. Àwọn òṣìṣẹ́ wa jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n fi ìka ara wọn tẹ ìwé fún ọgọ́ta ìyá. Nígbà tí ìka ọwọ́ tán, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ìyókù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún kọ èsì àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Dókítà, ọ̀gá wa, ní kí n fọwọ́ sí ìwé náà ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ pé a ti san owó náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, “Bàbá Fọlá, ta ni yóò wá wo ìka?” Ìdí ààwẹ̀ mi nìyẹn.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n dìde. A dé ibi tí ilẹ̀ ti ń jó. Àwọn òpùrọ́ ń fi ahọ́n lá irin gbígbóná. Wọ́n so àwọn alágbèrè mọ́ ara wọn, wọn kò sì lè wo ojú ara wọn. Níwájú, mo rí àwọn tó jókòó ti ìwé, àtàǹpàkò wọn wú bí iṣu, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ké, bí wọ́n bá sì gbé e sókè ojú ọmọdé kan á yọ nínú ìwé, á máa wò wọ́n, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, òmíràn á tún yọ.

Ẹni tó mú mi lọ ní, “Wọ́n tẹ ìka fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi parọ́ kò rí oògùn tó yẹ.”

Mo ń fojú wá Dókítà. Òtítọ́ ni n ó sọ: inú mi ì bá dùn bí mo bá rí i. N kò rí i. Àga kan ló ṣófo, iná ń jó yí i ká.

Mo ní, “Ta ló ni èyí?”

Ó ní, “Ẹni tó mọ̀, tó sì fọwọ́ sí i.”

Àga náà sì ń bọ̀, mo sá, ó ń bọ̀, mo yà sọ́tùn-ún, ó yà, mo ké pe Jésù, àfi bí ilẹ̀ ṣe tutù lójijì.

Ìyàwó mi ni mo rí, ẹni tó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún mẹ́fà. Ó jókòó láàrín àwọn ìyá tó ń sinmi. Ó wò mí tòkè tilẹ̀.

“Bàbá Fọlá, ẹ ti rù o. Ṣé ebi lẹ̀ ń bẹ̀rù? Gààrí la jọ ń mu kí ẹ tó ríṣẹ́ yẹn. Gààrí kọ́ ló pa mí.”

Mo fẹ́ jókòó tì í. Ọkùnrin náà ní kò tíì kàn mí. Mo sì jí.

Dókítà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ ra àga tí a jókòó lé. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Àga kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè rà kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tí wọ́n bá gbé irọ́ fún kó fọwọ́ sí, kó má fọwọ́ sí i, kódà kí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ alàgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní agogo mẹ́jọ, mo kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé: “Àwọn ìyá wọ̀nyí kò wá. A kò fún wọn lówó. A kò yẹ ẹ̀jẹ̀ kankan wò.” Mo kọ orúkọ mi sí i ní kíkún. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ni owó, mo gbé ọ̀kan síwájú Dókítà. Ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo ti kó o sílẹ̀ kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn ìyá náà. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, bí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́, ẹ wá pè wá.” Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.