Èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé Ràfíù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ǹ bá sì má sọ ọ́ títí, bí kì í bá ṣe ohun tí Ràfíù wá bá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mẹkáníìkì ni mí ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò níbí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ràfíù ní tirẹ̀ ń wa lọ́rì fún ọ̀gá kan tó ń kó ẹ̀pà láti oko wá sí ìdí rélùwéè. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n bí i sí. Mo jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí.

Ẹni tó bá ti rí ọyẹ́ Kánò mọ ohun tí eruku ń ṣe. Ó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ó ń ha á nínú bí ẹni ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Ọyẹ́ dé, mo tú ẹ́ńjìnnì lọ́rì yẹn palẹ̀. Ọyẹ́ mìíràn dé, mo tún tú u palẹ̀. Ó sú mi pátápátá.

Ni mo bá ro ọgbọ́n kan. Mo gé agolo kẹrosíìnì, mo fi ṣe páìpù tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ga dé òrùlé lọ́rì, níbi tí eruku ò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mo fi agolo kékeré sí agbede rẹ̀, mo ki kànìnkànìn tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti ilé sínú rẹ̀, mo sì fi ọ́ìlì rin ín. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú á gba ibẹ̀ kọjá, eruku á lẹ̀ mọ́ kànìnkànìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ṣiṣẹ́!

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Wọ́n ń pè mí ní injiníà, orí mi sì wú. Baba Hausa kan tó ń rọ agolo ní Fagge wò ó, ó ní òjé nìkan tí mo fi lẹ ẹ̀ mọ́ ẹnu kábúrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ò tó, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n ọ́n já, kí n fi irin dè é. Mo ní kí ni baba alágolo mọ̀ nípa mọ́tò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ràfíù dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ẹ̀gbọ́n, sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́ o. Wallahi, nǹkan kan ń súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí o. Ẹ bá mi ṣí i wò."

Mo ń fọ́nnu fún àwọn kan lọ́wọ́. Ojú tì mí pé ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níṣojú wọn. Mo ní bí nǹkan tuntun ṣe ń dún nìyẹn, kó máa lọ, kó má sì fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Ó ní, "Tò, ẹ̀gbọ́n." Ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi kú mọ́ ọn lójú ọ̀nà, tòun ti ẹ̀pà. Wọ́n wọ́ lọ́rì náà wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá rẹ̀ dúró, Ràfíù dúró, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òjé mi ti là. Ojú ibẹ̀ gba orí ìka, eruku sì kún ọ̀fun kábúrétọ̀. Eruku yẹn ló jẹ ẹ́ńjìnnì débi pé ó ń jó ọ́ìlì tán. Kò sí ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀.

Mo fi ẹ̀yìn bò ó. Mo fi àkísà nu eruku náà kúrò.

Ọ̀gá ní Ràfíù ni kò wo ọ́ìlì. Ràfíù ní òun wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ọ́ìlì kì í dédé gbẹ láàárín ọjọ́ kan."

Ọ̀gá fẹ́ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí onílọ́rì tó tún gbà á mọ́. Àpò ẹ̀pà ló ń rù ní ìdí rélùwéè títí di òní. Nítorí ẹ̀bẹ̀ tí mo bá a bẹ̀ yẹn, gbogbo Iléyá ló ń gbé ẹran wá fún mi. Mo sì ń jẹ ẹ́. Ó ń bí mi nínú pé kò bínú! Ì bá jẹ́ pé ó fura sí mi lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá. Òyìnbó kan ní Nasarawa, àdúgbò àwọn òyìnbó ní Kánò níbí, ń wá awakọ̀, ẹnì kan sì ti dárúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò lè gbà á. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rántí pé mo wo ọ́ìlì ọjọ́ yẹn. Mo rántí àkísà tí mo fi nu ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ ń purọ́ fún un, ṣé ó yẹ kó máa fi mọ́tò gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò ná.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Mo ti ń retí òtítọ́ yìí láti ọdún mẹ́fà, kò dé. Ó wá yé mi pé ẹnu mi ló máa gbà jáde.

Òyìnbó náà ṣì wà ní ìsinmi nílùú rẹ̀. Bó bá dé, Ràfíù á padà wá gba èsì lọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wá gbólóhùn tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún un. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ohun tí mo bá sọ lòun máa ṣe, nítorí mi ò tíì parọ́ fún òun rí.